Àgbéyẹ̀wò ‘Take Off’: Ohun Tó Yapa àti Ibi Tó Ti Yapa

Bí ènìyàn bá pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tí ó sì bi í léèrè ohun tí ‘take’ jẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wéré ni ọmọ náà yóò dáhùn pé mímú ni tàbí gbígbà. Bí ó bá sì tún bi í léèrè ‘off’, ọmọ kan náà yóò na ọwọ́ sí gílóòbù tó wà lókè àjà, yóò ní ohun tí à ń ṣe fún iná nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ so àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ gbé wọn síwájú ẹni tó ti kàwé gboyè, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, nítorí pé bàálù a máa ‘take off’, olè a máa ‘take off’, aláṣọ a máa ‘take off’ aṣọ rẹ̀, oníṣòwò a máa ‘take off’ díẹ̀ nínú iye ọjà, òwò tó búrẹ́kẹ́ lójijì a máa ‘take off’, aláwàdà orí ìtàgé sì lè ‘take off’ ọba aládé láìfi ọwọ́ kan adé orí rẹ̀. Gbogbo alángbá ló da inú dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Kì í ṣe àwa tí a gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ tíṣà nìkan ni ọ̀ràn náà ń kọ lóminú. Samuel Johnson, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ èdè, ẹni tí ó jókòó ti iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún gbọọrọ títí tí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fi jáde ní 1755, kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ń bá rìn tí ó sì ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, wà lára ohun tó ń ni àjèjì lára jù lọ; ó to àpẹẹrẹ bíi mélòó kan sílẹ̀, ‘take off’ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá rò pé bíbọ́ tàbí yíyọ ni Johnson yóò kọ síwájú rẹ̀ ti ṣi ọ̀nà, nítorí pé àdàkọ ni ó kọ síbẹ̀: lójú tirẹ̀, ẹni tó ‘take off’ nǹkan ti ṣe ẹ̀dà nǹkan náà ni. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ẹ̀yà ọ̀rọ̀ yìí lónìí, ‘phrasal verb’, pẹ́ kí ó tó dé. Logan Pearsall Smith ló sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Words and Idioms, ní 1925, kò sì fi bò pé Henry Bradley, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ni ó fi orúkọ náà lé òun lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gba ẹnu ọ̀nà tí Johnson ṣí sílẹ̀ yìí wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló há jù. Báwo ni mímú nǹkan kúrò ṣe di ṣíṣe ẹ̀dà nǹkan? Ẹ ronú sí òǹtẹ̀: bí a bá fi yíǹkì pa á lójú, tí a sì tẹ ìwé lé e, ohun tí ìwé náà bá kúrò lójú òǹtẹ̀ kì í ṣe òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ni, òǹtẹ̀ kò dín rárá, síbẹ̀ a ti mú nǹkan kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tó ń ‘take off’ ọ̀gá rẹ̀ níbi àríyá ṣe ń mú ìrìn, ohùn àti ikọ́ ọ̀gá náà kúrò lára olówó wọn, tí ó ń gbé wọn wọ ara tirẹ̀, tí ọ̀gá kò sì pàdánù ohunkóhun bí kò ṣe iyì díẹ̀. Sísín ènìyàn jẹ ni Yorùbá ń pe èyí, a kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí òun ń pè ní Katunga, àwọn eléégún alárìnjó ṣeré lójú rẹ̀; ó sì ròyìn sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀dá kan yọ jáde níbẹ̀, funfun báláú, tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rọra gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tí kò fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ lójú Òyìnbó! Clapperton kò bínú. Ó gbà pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ará Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà náà bá wà lórí ìjókòó, ‘take-off’ ni ì bá pe eré náà, èmi kò sì mọ àpẹẹrẹ tó dára ju èyí lọ tí a lè fi han ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Láti mọ bí ìtumọ̀ ṣe lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí okùn rẹ̀ má sì já, ó yẹ kí a bèèrè ìdílé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àlejò ni ‘take’. Àwọn ará Àríwá, atukọ̀-bí-ẹni-gẹṣin, àwọn a-gba-orí-omi-wá-gba-ilẹ̀, tí wọ́n ti Denmark àti Norway wá, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni wọ́n mú ‘taka’ wọ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onílé ń lò fún mímú nígbà náà ni ‘niman’, ìbátan ‘nehmen’ tí àwọn ará Jámánì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àlejò gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, tí ‘niman’ sì rá, tí kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ sáyé; lára wọn ni ‘numb’, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀yà ara tó kú tipiri, tí kò mọ nǹkan lára mọ́, bí ẹni pé ohun kan ti mú un. ‘Off’ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ onílé. Òun àti ‘of’ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láyé àtijọ́: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu gírígírí, ó di ‘off’, bí wọ́n bá sì rọra fi ahọ́n kàn án kọjá, ó di ‘of’, ó di nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí àkọtọ́ wọn tó yà pátápátá.

Ìyapa ni ‘off’ ti ń sọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ohun kan wà lára ohun kan, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹjú mọ́ ‘take’ nítorí pé òun ló jọ ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ ni ‘off’ tí wọ́n fojú fò ni ó ru ẹrù ìtumọ̀ náà. Níbí ni èmi àti àwọn olùkọ́ kan ti pínyà, àwọn tí ń fi dandan lé e pé kí ọmọ há gbogbo ìtumọ̀ ‘take off’ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ náà yóò há mẹ́wàá, tí yóò gbàgbé mẹ́jọ, tí yóò sì pàdé ìkọkànlá nínú ìdánwò. Ìbéèrè méjì péré ni mo ti rí i pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn náà: kí ló yapa, kúrò lára kí sì ni?

Lórí aṣọ ni ìtumọ̀ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni a ti rí i bí èdè méjì ṣe lè wo ohun kan náà kí ojú wọn má bára mu. Gẹ̀ẹ́sì a ‘take off’ fìlà, a ‘take off’ bàtà, gèlè, ìró, òrùka, yẹtí àti awò ojú, láìyí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ilé tọ́, tí òde sì tọ́, a máa ṣí fìlà, a máa bọ́ bàtà àti bùbá, a máa tú gèlè àti ìró, a máa yọ òrùka àti yẹtí. Bí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ tú fìlà tàbí òun fẹ́ bọ́ òrùka, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò bi ara wọn léèrè ìlú òkèèrè tó ti ń bọ̀. Bí a ṣe fi nǹkan sára ni Yorùbá ń wò kí ó tó mọ bí a ṣe ń kó o kúrò: ohun tí a wé tàbí tí a ró, títú ni, ohun tí a dé, ì báà jẹ́ fìlà, ì báà jẹ́ ìdérí ìkòkò, ṣíṣí ni, ohun tí a wọ̀, bíbọ́ ni, ohun tí a kì bọ ihò tàbí tí a fi bọ ìka, yíyọ ni. Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà bí ó ṣe débẹ̀. Ó ti kúrò lára, ó bùṣe.

Bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wá òmíràn kún un, tí a ń sọ pé kí àlejò ‘pull’ bàtà rẹ̀ tàbí kí ó ‘remove’ fìlà. Ti àkọ́kọ́ kò dúró, nítorí pé fífà lásán ni ‘pull’, a sì lè fa bàtà láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má kúrò lẹ́sẹ̀ bí kò bá sí ‘off’ níwájú rẹ̀. Èkejì kò burú, ó kàn le ni: ‘remove’ jẹ́ ọmọ Látìn tó gba àárín àwọn Faransé wọlé lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, aṣọ ọ́fíìsì ni ó sì wọ̀ títí di òní, èyí tó yẹ ìkìlọ̀ ara ògiri, ìwé òfin àti ẹnu dókítà. Ìyá tí ó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀, ‘take off’ ni yóò sọ. Àwa tí a ti inú ìwé gba èdè náà kí a tó gbà á láti ẹnu ènìyàn, tí a sì dàgbà sí àárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń da gírámà bolẹ̀, ni a máa ń fi ẹ̀wù àríyá ṣe iṣẹ́ oko, tí a ń ‘deduct’, tí a ń ‘depart’, tí a ń ‘imitate’ níbi tí ọ̀rọ̀ kékeré méjì ì bá ti ṣe é.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà tò nínú gbólóhùn kò ṣòro bí wọ́n ṣe ń sọ. A lè wí pé ‘take off your shoes’, a sì lè wí pé ‘take your shoes off’, ìjà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò bàtà, àárín nìkan ni ààyè rẹ̀ wà, ‘take them off’, ẹni tó bá sì sọ pé ‘take off them’ ti tàsé. Bí àbọ̀ náà bá wá gùn gbọọrọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ nípa bàtà aláwọ̀ pupa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un ní Ìbàdàn, ìparí ni à ń tì í sí kí ‘off’ má bàa sọnù sẹ́yìn. Kí ni ó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá nínú èyí? Èdè tiwa kún fún ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, tí ń là sí méjì kí àbọ̀ lè jókòó sí àárín wọn, ẹ̀yà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé yà sọ́tọ̀ nínú ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ ní 1966. A kì í sọ pé ẹnì kan bàjẹ́ ọjà. Ó ba ọjà jẹ́ ni. A kì í sọ pé ó tànjẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ni, sísín ènìyàn jẹ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sì ń bá wọn tò lórí ìlà kan náà. Bí a bá sì sọ pé kí a mú àwo kúrò lórí tábìlì, ‘mú’ ń ṣe iṣẹ́ ‘take’, ‘kúrò’ ń ṣe iṣẹ́ ‘off’, àwo sì wà láàárín.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. ‘Kúrò’ tiwa jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó tó ara rẹ̀, ó lè dá dúró kí ó sì pàṣẹ fún aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n ‘off’ lẹ́nu àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, àyàfi lẹ́nu àwọn ìpátá, níbi tí ó ti jẹ́ pípa ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, tọmọdé tàgbà ló ń ‘off’ iná, tí ó ń ‘off’ jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì ń rí ìbáwí olùkọ́ fún un. Lójú tèmi, àṣìṣe náà ní làákàyè nínú: ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́ ìró ‘kúrò’ lábẹ́ ‘off’, ó sì fún un ní ìjókòó tí ‘kúrò’ ń jókòó sí nílé.

Ohùn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ‘take it off’, orí ‘off’ ni ẹnu ń tẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, ‘take-off’, orí ‘take’ ni ìtẹnumọ́ náà ń sá padà sí, etí tó sì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò yẹ kí ó pàdánù èyí. Àwọn ará Britain a máa fi àmì ìsopọ̀ sí àárín ọ̀rọ̀-orúkọ náà, àwọn ará Amẹ́ríkà a sì máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra.

Àwọn ìtumọ̀ kan wà tí kò gba àkókò. Oníṣòwò tó ‘take off’ náírà díẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú iye. Òṣìṣẹ́ tó ‘take’ ọjọ́ Ẹtì ‘off’ ya ọjọ́ náà kúrò lára ọjọ́ iṣẹ́, níbẹ̀ sì rèé, àárín ni a sábà máa ń fi ọjọ́ náà sí. Àwọn tó ni rélùwéè lè ‘take off’ ọkọ̀ ojú irin tí èrò kò wọ̀ mọ́, bí àwọn onítíátà ṣe lè ṣe fún eré tí kò pa owó wọlé. Dókítà tó ‘take off’ ẹsẹ̀ aláìsàn kò bọ́ bàtà rẹ̀ o, ó gé ẹsẹ̀ ni, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Ọlọ́pàá tó ‘take’ ènìyàn ‘off’ sì ti mú un kúrò lójú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí àtìmọ́lé. Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni ti ikú. Nínú eré Macbeth, Shakespeare fi ‘taking-off’ pe pípa tí wọ́n ń gbèrò láti pa Ọba Duncan, òǹkàwé òde òní tí kò sì mọ ìtumọ̀ àtijọ́ yìí lè rò pé bàálù ni wọ́n fẹ́ fi gbé ọba náà. Àwa náà kúkú ń sọ pé àìsàn kan ló mú ẹni báyìí lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ tó fi mú un.

Ó wá ku àwọn ìtumọ̀ tí kò ní àbọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ‘take off’ láìní àbọ̀ jẹ́ ohun tó fúnra rẹ̀ yapa. Olè rí ọlọ́dẹ, ó ‘take off’. Ó gbé ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Fífò sókè ni ìtumọ̀ yìí sì gbà kọjá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn agẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó fún ibi tí ẹṣin ti ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ láti fo ọgbà. Pátákó tí àwọn afòjìnnà ń tẹ̀ kí wọ́n tó fò lórí pápá ìdárayá ṣì ń jẹ́ orúkọ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí Orville Wright gbéra lórí iyanrìn lẹ́bàá Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, tí ó sì wà lófuurufú fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré, tí kò lọ ju ẹsẹ̀ bàtà 120 lọ, ọ̀rọ̀ tí ayé yóò lò ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ náà.

Láti ọ̀dọ̀ bàálù ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. W. W. Rostow, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1956, ó sì sọ ọ́ di odidi ìwé, The Stages of Economic Growth, ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Nínú ìpele márùn-ún tó là sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè, ‘take-off’ ni ìkẹta, àkókò tí owó tí ìlú ń fi dókòwò yóò ti nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un gòkè kọjá 10. Ó ní Britain ti gbéra tirẹ̀ láàárín 1783 sí 1802. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bá a jiyàn gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn ìjọba tuntun, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Bóyá ibẹ̀ ni tiwa ti ṣẹ̀ wá, bóyá ojúde pápá ọkọ̀ òfuurufú ni. Ohun tó dájú ni pé ní Nàìjíríà, ìjọba tó bá dá yunifásítì tuntun sílẹ̀ a máa fún un ní ‘take-off grant’, owó tí yóò fi dìde dúró, ìwé ìpè ayẹyẹ sì lè sọ fún wa pé ìpàdé yóò ‘take off’ ní agogo mẹ́wàá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ní èèwọ̀, nítorí pé àjọ tuntun ń kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Èkejì ni ará Britain kò ní gbọ́ yé, nítorí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, ohun tó bá ‘take off’ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ń ròkè: òwò tó ṣílé lánàá kò tíì ‘take off’, àyàfi bí àwọn oníbàárà bá ti ń dù ú. Bí a bá wí fún un pé ilé-iṣẹ́ kan ‘took off’ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èrè rẹpẹtẹ ni yóò máa rò, nígbà tí àwa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n já tẹ́ẹ́pù tí àwọn lọ́balọ́ba sì bá wọn jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. ‘Start’ ló yẹ ìpàdé agogo mẹ́wàá, pàápàá èyí tó jẹ́ pé agogo méjìlá ni alága yóò dé.